Ìyára Dátábéèsì: Ohun Tí Sáfà Ńlá Kò Lè Ṣe
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Akówọnjọ, Ìpínlẹ̀ Èkó

Mi ò ní fi ìtumọ̀ pa yín lákòókò. Dátábéèsì ni ibi tí software báńkì, ti ilé ìwòsàn àti ti iléeṣẹ́ ńlá ń kó àkọsílẹ̀ sí. Query ni ìbéèrè tí wọ́n bá bi í. Index ló ń tọ́ka ibi tí ìdáhùn wà. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá yé kó rí mi lẹ́yìn ìpàdé.

Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2024. GTBank bọ́ sórí Finacle, software báńkì tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Infosys ti Íńdíà. Zenith bọ́ sórí Flexcube ti Oracle. Sterling náà pààrọ̀ tirẹ̀. Àwọn oníbàárà jìyà ẹ̀. App kọ̀, tíránsífà há, àwọn ọmọ wa tó ń ṣe POS lójú ọ̀nà Akówọnjọ ń bẹ èèyàn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, alert ò tíì wọlé." Kíá làwọn kan ti ní sáfà wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tó gbé dátábéèsì dúró, ló kéré.

Ohun tí èmi àtàwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi kan ti ń bá ara wa fà láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Bí dátábéèsì bá ti ń falẹ̀, wọ́n á ní ẹ ra ẹ̀rọ tó tóbi sí i. Mo ní wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Lọ́dún 2010 ni Báńkì Àpapọ̀ (CBN) gbé ìlànà NUBAN jáde, tí nọ́ńbà àkáǹtì fi di oní-díjíìtì 10. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi òdo bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tọ́jú wọn bí iye owó, òdo iwájú á pòórá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tọ́jú wọn bí a ṣe ń tọ́jú orúkọ èèyàn. Ẹni tó wá kọ query kò bìkítà, ó kọ nọ́ńbà náà láìfi àmì àyọlò tó ń fi hàn pé kì í ṣe iye sí i. Lójú ẹsẹ̀, software dátábéèsì bí Oracle, SQL Server tàbí MySQL á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo ènìyàn di iye, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó fi wé èyí tí ẹ ń wá. Index wà níbẹ̀ o, kò rí i lò. PostgreSQL ní tirẹ̀ á kọ̀ jálẹ̀, á ní kí ẹ lọ tún un kọ. Ìwà yẹn wù mí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. B-tree, ètò ìtọ́ka onípele tí Rudolf Bayer àti Edward McCreight ṣe nígbà tí wọ́n wà ní Boeing, lọ̀pọ̀ index ṣì ń lò títí dòní. Bí ojú ewé kan bá gba ìtọ́ka 300, ipele mẹ́ta ti ká àkọsílẹ̀ 27,000,000. Ojú ewé mẹ́ta lẹ ó ṣí. Láìsí index, ẹ ó ka mílíọ̀nù 27 náà tán. Bí ẹ bá ra sáfà tó yára ní ìlọ́po méjì, á kà á tán náà ni, àfi pé á tètè parí díẹ̀.

Iléeṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ra irú sáfà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pè mí wá síbi ìṣílé rẹ̀. Àdúrà gbà, jọ̀lọ́ọ̀fù pọ̀. Mo béèrè pé ta ló ti wo execution plan, ìyẹn ọ̀nà tí dátábéèsì yàn láti wá ìdáhùn. Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Àmì àyọlò méjì péré la fi sí query tó ń falẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń sáré.

Nígbà tí àwa ń kẹ́kọ̀ọ́, memory wọ́n bí ojú, a kì í fi í ṣòfò. Ẹ̀yin ìsinsìnyí, ORM, software tó wà láàárín yín àti dátábéèsì, ló ń bá yín kọ query, ẹ kì í sì í wo ohun tó kọ. Ẹ wá oníbàárà 200, ó lọ béèrè àkáǹtì wọn nígbà 200 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Àwọn kan tún ní ká da SQL, èdè tí a fi ń kọ query, nù, pé láti 1970 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Codd ti gbé ìlànà tó dúró lé lórí kalẹ̀ ní IBM, ó ti di arúgbó. Ká kó lọ sí MongoDB, dátábéèsì tí kì í lo SQL. MongoDB dáa níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè bóyá kì í ṣe B-tree kan náà ni index rẹ̀.

Alága ti ń na aago sí mi. Ní kúkúrú, ìmọ̀ràn mẹ́ta kí n tó jókòó: bí gbogbo tíránsífà bá ń yọ owó lára àkáǹtì kan ṣoṣo, lock, ìyẹn títì tí dátábéèsì ń ti àkọsílẹ̀ tó ń yí padà lọ́wọ́, á mú kí wọ́n máa tò sẹ́yìn ara wọn; ẹ kọ ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ ṣe àròpọ̀ lẹ́yìn.

Ìròyìn ìparí ọjọ́: orí ẹ̀dà dátábéèsì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe orí èyí tí oníbàárà ń lò lọ́wọ́.

Tí ẹ bá sì kó dátà wọ software tuntun, ẹ jẹ́ kí dátábéèsì tún iye ohun tó wà nínú rẹ̀ kà kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. ANALYZE ni PostgreSQL ń pè é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa yan ọ̀nà bí ẹni pé inú rẹ̀ ṣì ṣófo.