Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ́ Ẹ̀kọ́
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama sọ)

A kò wá síhìn-ín láti bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni a gbé wá, ọ̀rọ̀ náà sì kan gbogbo wa, ìbáà ṣe ẹni tí ó bímọ, ìbáà ṣe ẹni tí kò bí.

Nígbà wo ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń di àdá mú láàárín wa? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó bá pẹ́ dé, tàbí tí ó bá ṣe àfojúdi sí olùkọ́, ni a ó ní kí ó lọ gé koríko. Èyí tí kò ṣẹ̀ yóò jókòó sí abẹ́ òrùlé. Báyìí ni a ṣe ń fi ọdún mẹ́fà kọ́ ọmọ pé ìyà ni iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ó bá sì jáde tán, tí ó kọ oko, tí ó kọ ṣọ́ọ̀bù, a ó ní ọ̀lẹ ni. Ta ni ó kọ́ ọ?

Ìjọba kò ṣàì rí i. Ní ọdún 1982 ni a bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, pé kí ọmọ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin, igi àti iná mànàmáná kí ó tó yan ọ̀nà tí yóò tọ̀. A kó ẹ̀rọ wá láti òkè òkun. Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, ẹ̀rọ wọ̀nyí kò jáde kúrò nínú àpótí tí a fi kó wọn wá, nítorí kò sí iná, kò sí ilé tí a ó tò wọ́n sí, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ wọ́n lò. Ní ọdún 2011 a tún mú iṣẹ́ ọwọ́ 34 wọ inú ẹ̀kọ́ àwọn kíláàsì àgbà. Ní ọdún 2025 a dín wọn kù sí 6: títo iná oòrùn, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ètò náà dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá da ọ̀rọ̀ aṣọ rírán kọ láti ojú pátákó, tí kò di abẹ́rẹ́ mú, kí ni a kọ́ ọ? Orílẹ̀-èdè tí ó gba òmìnira ní ọdún 1960 kò gbọdọ̀ máa dúró de àlejò kí ó tó tún ẹ̀rọ ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ wo Ìkẹ́nnẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1956, Tai Solarin àti aya rẹ̀, Sheila, dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ dáko, wọ́n sin adìyẹ, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn bá wọn kọ́ ilé. Iṣẹ́ kò jẹ́ ìyà níbẹ̀, nítorí gbogbo wọn ni ó ń ṣe é, ọ̀gá wọn náà kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀, òun àti ṣòkòtò péńpé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò gba ohun tí ó ń sọ nípa ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n oko kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ro ó.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tí a pín fún ọmọ ni ìyẹn. Èkejì ṣì kù, òun ni ó sì ṣọ̀wọ́n jù láàárín wa: iṣẹ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn. Ní orílẹ̀-èdè Màláwì, lẹ́yìn ìyàn tí ó mú níbẹ̀ ní ọdún 2001 sí 2002, ọmọ àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ William Kamkwamba kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nítorí bàbá rẹ̀ kò rí owó san. Ọmọ ọdún 14 ni. Ó ń lọ ka ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré abúlé wọn, ó rí àwòrán ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí nínú ìwé kan, bẹ́ẹ̀ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ ìwé náà kò yé e tán. Ó ṣa kẹ̀kẹ́ ológeere tí ó ti bàjẹ́, ó ṣa fáànù tírákítọ̀, ó fi iná yọ́ páìpù oníke láti fi ṣe apá rẹ̀, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ sí orí òpó igi. Àwọn ará abúlé ní orí rẹ̀ ti dàrú. Gílóòbù tàn. Kò sí olùkọ́ tí ó fún un ní máàkì kan.

A kò ní kí a mú ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kí ó lè gbọ́n. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ náà ní àyè láti dán nǹkan wò, kí ó bàjẹ́, kí ó sì tún un ṣe, àyè yẹn ni a sì ń fi dù àwọn tiwa. Àgbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ mọ èyí. Ọmọ á kọ́kọ́ fín ẹwìrì, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá yóò fi irin lé e lọ́wọ́ tí yóò sì kúrò nítòsí.

Ẹ ó wí pé ìdánwò ń kọ́? Ìdánwò náà ní apá tí a fi ọwọ́ ṣe, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì jẹ́ pé oṣù ìdánwò gan-an ni wọ́n ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan ohun èlò sáyẹ́ǹsì, tí ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n.

Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí a máa ṣí yàrá sáyẹ́ǹsì àti ti iṣẹ́ ọwọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí olúkúlùkù ọmọ mú iṣẹ́ kan tí ó wù ú lọ́dún, ọkùnrin àti obìnrin; kí a má ṣe lé ọmọbìnrin sí ìdí abẹ́rẹ́ nìkan bí ó bá jẹ́ iná oòrùn ni ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ní ìpàdé òbí, kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà wá, pàápàá èyí tí kò ṣiṣẹ́, kí ọmọ sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi gbogbo ìsinmi ṣe lẹ́sìn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ní ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ iná tàbí káfíńtà tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì bá ọ̀gá náà sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé a kò fi ọmọ ránṣẹ́ láti máa ra oúnjẹ fún un.

Bí a bá ti kúrò níhìn-ín, kí ẹnì kan nínú wa lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sún mọ́ ọn: kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ ọwọ́ yín, ọwọ́ ta ni ó wà?