Kọ̀ǹpútà Tó Ń Falẹ̀: Ṣé Ká Tún Un Ṣe ni, àbí Ká Ra Òmíràn?

Bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá ti ń falẹ̀, kíá la máa ń ní ó ti darúgbó. Lójú tèmi, hard disk, ibi tó ń tọ́jú nǹkan sí, ló sábà máa ń fà á sẹ́yìn. Àwo kan ló ń yí nínú rẹ̀, ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ wọn, tí apá tín-ín-rín kan ń wá nǹkan kiri lórí rẹ̀. SSD, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò ní ohun tó ń yí rárá. Ẹ fi rọ́pò hard disk, kí ẹ sọ RAM 4GB di 8GB, ẹ̀rọ á jí pépé, owó rẹ̀ ò sì ní tó ti tuntun.

Ẹnìkan lè ní, Windows 10 ńkọ́? Lóòótọ́, Microsoft parí àtìlẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní. Ṣùgbọ́n Linux, tó lè rọ́pò Windows, kò béèrè rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Bó bá jẹ́ motherboard ló kú, mi ò jiyàn: ẹ ra òmíràn. Kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sí ọjà Computer Village n'Íkẹjà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ wo iye tó wà fún Disk nínú ojú ìwé tó bá ṣí. Bó bá ń dúró sí 100% nígbà tí ẹ ò ṣe nǹkan kan, disk ni kí ẹ pààrọ̀.