Fìtínà Tó Sọ Sólà Di Ọ̀pọ̀

Kí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, ẹ jẹ́ ká gun òrùlé ilé kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Oníná méjì ló wà lórí páànù níbẹ̀. Ọ̀kan ń fi sìpánà fún nọ́ọ̀tì le, èkejì gbá pánẹ́ẹ̀lì sólà mú kí ó má baà yọ̀. Ọ̀gá wọn dúró nísàlẹ̀, ó nawọ́ sí apá gúúsù, ó ní ibẹ̀ ni kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí, kí wọ́n sì jẹ́ kó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ eruku dànù lára rẹ̀. Ìwé pélébé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì náà: wáàtì mélòó ni, fóòtì mélòó ni, ibo ni wọ́n ti ṣe é. Ṣáínà ni. Kò sí ẹni tí ìyẹn yà lẹ́nu.

Ohun tí ìwé náà kò sọ ni bí irú ẹrù yìí ṣe di ohun tí tíṣà àti aránṣọ lè tu owó jọ rà. Ṣáínà nìkan kọ́ la ti máa rí ìdáhùn. Apá kan rẹ̀ wà ní ìlú mélòó kan ní Jámánì, lọ́wọ́ àwọn tíṣà, dókítà, àgbẹ̀ àti sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fìtínà ìjọba fún ọdún mẹ́rìnlá kí òfin tí wọ́n ń wá tó jáde.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣe tiwọn tipẹ́. Ọdún 1954 ni ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà fi sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́ọ̀nù tó ń sọ oòrùn di iná han aráyé. Ní 1958, sátẹ́láìtì Vanguard 1 ti gbé e lọ sí òfurufú. Síbẹ̀, ọdún gorí ọdún, àwọn tó ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ àti àwọn tí owó kì í dùn ló ń rà á. Ẹni tó bá ń ṣe búrẹ́dì mọ ohun tó fà á. Bí oníbàárà kò bá pọ̀, kò sẹ́ni tó máa ra ẹ̀rọ ńlá tó ń po ìyẹ̀fun. Bí kò bá sí ẹ̀rọ ńlá, owó búrẹ́dì kò lè wálẹ̀. Bí búrẹ́dì kò bá sì wálẹ̀, oníbàárà kò ní pọ̀. Ẹnìkan ní láti já okùn yẹn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986, ilé iṣẹ́ iná núkílíà tó wà ní Chernobyl, ní Ukraine, bú gbàmù. Afẹ́fẹ́ gbé májèlé rẹ̀ kọjá ààlà, òjò sì rọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní gúúsù Jámánì. Ní Schönau, ìlú kan nínú Igbó Dúdú tí èrò rẹ̀ kò tó 3,000, ọ̀rọ̀ náà di ti ilé ìdáná: ṣé ọmọ ṣì lè mu wàrà? Ṣé ó lè ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀? Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Michael Sladek. Ìyàwó rẹ̀, Ursula, tó jẹ́ tíṣà, ń tọ́ ọmọ márùn-ún. Àwọn àti àwọn òbí mìíràn kó ara wọn jọ. Kí ẹ má rò pé ìwọ́de ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe o. Ìdíje ni wọ́n gbé kalẹ̀: ilé wo ló máa dín iná tó ń lò kù jù láàárín ọdún? Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ mítà ara wọn wò. Nígbà tó yá ni wọ́n tọ ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná lọ, wọ́n ní kó ran àwọn lọ́wọ́. Etí dídi ni wọ́n bá pàdé. Ta ló ń ta ọjà tó máa fẹ́ kí oníbàárà ra díẹ̀?

Láìpẹ́, ilé-iṣẹ́ náà gbé 100,000 máàkì, owó Jámánì nígbà náà, wá fún ìgbìmọ̀ ìlú, pé kí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé tuntun ṣáájú àsìkò, kí àwọn tún lè máa pín iná fún 20 ọdún sí i. Àwọn òbí yìí dáwó, ó pé iye kan náà. Ìgbìmọ̀ ìlú ṣì yan ilé-iṣẹ́ náà. Ni àwọn òbí náà bá ní kí gbogbo ìlú dìbò sí i. Ní 1991, wọ́n borí. Ìyẹn náà kò parí ọ̀rọ̀, nítorí pé nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú wá fẹ́ gbé iná lé wọn lọ́wọ́, àwọn alátakò náà pe ìbò tiwọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1996, ilé dé ilé, ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n tún borí, pẹ̀lú bí ìbò 52 nínú 100. Ẹ wo bó ṣe kù díẹ̀.

Ìgbà yẹn ni iye owó jáde. Wáyà àti òpó tó wà nílẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ní 8.7 mílíọ̀nù máàkì làwọn máa gbà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dájú ní kò ju bíi mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: Schönau gbé ìpolongo ńlá dìde káàkiri Jámánì láti wá owó. Àwòrán èèyàn ni wọ́n lò, pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo: “Ich bin ein Störfall.” Störfall ni àwọn ará Jámánì ń pe ìjàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ nílé iṣẹ́ núkílíà, inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí dídí èèyàn lọ́wọ́ ló sì ti wá. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ ọ́, “Èmi gan-an ni fìtínà” ló máa sún mọ́ ọn jù. Owó wọlé. Ilé-iṣẹ́ náà sì sọ iye tó pè kalẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1997, àwọn òbí tó ń béèrè nípa wàrà di ẹni tó ni òpó iná ìlú wọn. Ursula Sladek gba ẹ̀bùn Goldman lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2011.

Òwò iná lọ́wọ́ ará ìlú dára, àmọ́ kò tíì sọ sólà di ọ̀pọ̀. Ìlú Aachen, ní Jámánì kan náà, ni èrò tó sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ ti lágbára. Wolf von Fabeck, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1986 kan náà. Èrò rẹ̀ rọrùn dé ibi pé ó jọ àwàdà: ẹni tó bá fi pánẹ́ẹ̀lì sórí ilé, kí wọ́n san iye tó ná an gan-an fún un, yúníìtì kọ̀ọ̀kan, fún 20 ọdún. Ní Aachen, láti 1995, iye yẹn jẹ́ máàkì méjì, ìlọ́po ìlọ́po ohun tí ará ilé ń san fún iná tirẹ̀. Níbo ni owó ti máa wá? Lára bíìlì gbogbo ìlú, díẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ti dá èsúsú rí máa rí ọgbọ́n inú rẹ̀ kíákíá. Yóò sì tún rí ibi tó ti yàtọ̀: nínú èsúsú, gbogbo ẹni tó dá ló máa kó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àwọn aṣòfin méjì, Hermann Scheer àti Hans-Josef Fell, wà lára àwọn tó gbé èrò yìí dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbogbo Jámánì. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 2000. Egungun mẹ́ta ló dì í mú. Ilé-iṣẹ́ iná kò lè kọ̀ láti so ẹni tó ní sólà mọ́ wáyà. Iye tí wọ́n máa san wà nínú ìwé òfin, pfennig 99, ìyẹn ó kù díẹ̀ kó pé máàkì kan, fún yúníìtì kan nígbà náà. Iye yẹn kò sì ní yẹ̀ fún 20 ọdún. Ìwé òfin yẹn wá di ohun tí àgbẹ̀ lè gbé lọ sí báńkì, tí báńkì sì máa fi yá a lówó láti bo òrùlé abà rẹ̀.

Bí oníbàárà ṣe dé nìyẹn, ariwo rẹ̀ sì dé Ṣáínà. Shi Zhengrong, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa sólà ní Ọsirélíà, dá ilé-iṣẹ́ Suntech sílẹ̀ ní Wuxi ní 2001, Jámánì sì di ọjà rẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ ńlá ń yọ bí olú. Láàárín 2010 sí 2020, iye tí wọ́n ń ta pánẹ́ẹ̀lì já wálẹ̀ tó bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Kò sàn fún gbogbo wọn o. Q-Cells, ilé-iṣẹ́ ńlá ti Jámánì, wó ní 2012. Suntech fúnra rẹ̀ kó sínú gbèsè tí kò lè san ní 2013. Àwọn aṣáájú wó, àmọ́ ọjà tó ṣí sílẹ̀ kò tì mọ́.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Owó kékeré tí òfin náà ń fi kún bíìlì gbogbo èèyàn kò kéré títí lọ. Ní 2014, ó ti lé ní sẹ́ǹtì mẹ́fà owó Yúróò lórí yúníìtì kan. Ayálégbé tí kò ní òrùlé ń san án, onílé tó ní òrùlé ń gbà á, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì rí àyè yọ́ bọ́ lábẹ́ ẹ̀. Oṣù keje ọdún 2022 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò lára bíìlì. Nǹkan mìíràn tún wà tí èmi kò lè gbé mì: wọ́n ti àwọn ilé iṣẹ́ núkílíà tó kẹ́yìn ní Jámánì pa ní oṣù kẹrin ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ṣì ń sun èédú. Oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ni ọlọ́pàá ń wọ́ àwọn olùfẹ̀hónúhàn kúrò ní Lützerath, abúlé tí wọ́n fẹ́ wó nítorí èédú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù èéfín kì bá ti fi èédú ṣe ìkẹyìn. Síbẹ̀ náà, iná tí Jámánì ń rí láti ara oòrùn, afẹ́fẹ́, omi àti irú wọn, tó jẹ́ bí ìdá 6 nínú 100 ní 2000, ti kọjá ìdajì ní 2023.

Ní Nàìjíríà, òfin kò wọ́n wa. Òfin ọdún 1979 ní kí gáàsì tí wọ́n ń sun dànù níbi tí wọ́n ti ń wa epo dópin ní 1984. Ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin dá àwọn ará Iwherekan ní ìpínlẹ̀ Delta láre, ó ní sísun gáàsì náà tàpá sí ẹ̀tọ́ wọn láti wà láàyè. Iná gáàsì ṣì ń jó ní Niger Delta. Òfin àyípadà ojú ọjọ́ wá jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Àwọn ará Schönau kò lọ sùn lẹ́yìn ìbò àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Òfin iná ti 2023 ló sún mọ́ wa jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ó fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣàkóso iná tirẹ̀. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, kọ́kọ́ gbé àkóso lé lọ́wọ́ ní 2024. Ọdún yẹn kan náà ni owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí iná ń wà fún jù, fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n kọjá sísọ láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Àwọn èèyàn kò dúró de ìjọba. Wọ́n lọ sí ọjà Alaba, wọ́n ra pánẹ́ẹ̀lì.

Ẹ padà sórí òrùlé Bódìjà lọ́sàn-án gangan. Bátìrì ti kún. Oòrùn ṣì ń ràn, ìńfátà kò sì rí ibi gbé ìyókù sí, ó ń ṣòfò. Ní ilé kejì, jẹnẹrétọ̀ ń ké. Ta ni òfin ní kó ra iná tó ṣẹ́ kù yẹn? Èló? Fún ọdún mélòó? Ṣé ayálégbé tí kò ní òrùlé ni wọ́n tún máa di ẹrù rẹ̀ rù? Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló lè dáhùn, wọ́n sì máa ń pe ará ìlú wá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣòfin. Nígbà tí wọ́n bá pe ti iná, ẹ lọ. Ẹ mú bíìlì yín dání, kí ẹ sì kà á síta fún wọn.