Òkè Tí Wọ́n Ti Ń Wọn Èémí Ayé
Òkè Mauna Loa ní Hawaii là ń lọ lónìí. Ibẹ̀ ni Charles David Keeling, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti ilé ẹ̀kọ́ Scripps ní Kalifóníà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì inú afẹ́fẹ́ ní 1958. Nínú ìdá mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, nǹkan bí ìdá 315 ló bá. Ó rí i pé ayé ń mí: bí igi ìhà àríwá bá rúwé, iye náà á wálẹ̀, bí wọ́n bá wọ́wé, á gòkè. Àmọ́ lọ́dọọdún ló ń ga ju ti èṣí lọ, nítorí èédú, epo àti gáàsì tí à ń sun. Ní 1964, àìrówó dá iṣẹ́ náà dúró fóṣù mélòó kan kí wọ́n tó tún máa bá a lọ. Ẹ ò rí nǹkan! Iye kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì náà ti kọjá 420 báyìí.