Ojú Ẹ̀rọ àti Ìwé Àwọn Baba Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ ní Olówógbowó, Èkó)

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán wa ni pé kí a ṣàlàyé ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ìríran kọ̀ǹpútà, kí a sì sọ ohun tí ó kan ọmọ Yorùbá nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọ̀n, nítorí kò sí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò mọ àwọ̀n apẹja. Bí a bá ta àwọ̀n bo àwòrán kan, àwòrán náà yóò pín sí ojú kéékèèké. Nínú ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ ń kọ iye kan sí: bí ibẹ̀ bá dúdú biribiri, a kọ 0, bí ó bá funfun báláú, a kọ 255, èyí tí ó wà láàárín a gba iye tirẹ̀. Bí àwòrán náà bá jẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi, ojú kọ̀ọ̀kan a gba iye mẹ́ta, ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ rí nìyẹn. Ewúrẹ́ kò sí níbẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ni ọba kò sí níbẹ̀; òǹkà ni ó rí. Ohun tí ó ṣòro ni pé kí ó mọ̀ pé òǹkà tí a tò báyìí, ewúrẹ́ ni.

Àwọn òyìnbó pàápàá ka iṣẹ́ yìí sí kékeré. Ní 1966, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga M.I.T. ní Amẹ́ríkà, Seymour Papert ṣe ètò kan pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi àkókò ìsinmi ọdún kan ṣoṣo ṣe apá ńlá nínú rẹ̀. Ó ju ogójì ọdún lọ lẹ́yìn èyí kí iṣẹ́ náà tó di ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ọ̀nà tí ó là níkẹyìn ni pé kí a kọ́ ẹ̀rọ bí a ti ń kọ́ ọmọdé ní A, B, D. A fi àwòrán hàn án, a bi í léèrè ohun tí ó jẹ́. Bí ó bá ṣì í, a yí òṣùwọ̀n inú rẹ̀ díẹ̀, a sì tún fi òmíràn hàn án, títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ní 1989, Yann LeCun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Labs fi ọ̀nà yìí kọ́ ẹ̀rọ láti ka òǹkà tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ kọ sára àpò lẹ́tà. Fei-Fei Li àti àwọn tirẹ̀ sì kó àwòrán jọ sínú ilé ìṣúra tí a ń pè ní ImageNet, títí ó fi ju mílíọ̀nù 14 lọ. Apá kan nínú wọn ni a fi ṣe ìdíje tí ẹ̀rọ Krizhevsky, Sutskever àti Hinton fi gba ipò kìíní ní 2012, tí ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ sẹ́yìn réré. Láti ìgbà náà ni ayé ti gbà pé ẹ̀rọ lè ríran.

Ó ti ń ṣiṣẹ́ láàárín wa. Àjọ IITA, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn láti 1967, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ gíga Penn State, ṣe Nuru, èyí tí àgbẹ̀ yóò fi fóònù rẹ̀ wo ewé ẹ̀gẹ́, tí yóò sì sọ bóyá àrùn tí ń sọ ewé di abàwọ́n tí ó sì ń ká a kò ti mú un. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì nínú oko. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó sì dìbò ní 2023 ti dúró níwájú ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ BVAS tí àjọ INEC ń lò láti 2021 a kọ́kọ́ wo ìka ọwọ́. Bí ìka kò bá jẹ́, bí ó ti máa ń rí fún arúgbó àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ìlà ìka wọn ti pa, a ya àwòrán ojú, a sì fi í wé èyí tí ó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀.

Ojú ta ni a wá fi kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Ní 2018, Joy Buolamwini, ọmọ Gáńà tí a bí ní Kánádà, àti Timnit Gebru, tí a bí ní Ethiópíà, kó àwòrán 1,270 jọ, ti àwọn aṣòfin Rwanda, Senegal àti Gúúsù Áfríkà, àti ti Iceland, Finland àti Sweden. Wọ́n bi ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mẹ́ta, Microsoft, IBM àti Face++, ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ọkùnrin ni èyí tàbí obìnrin? Lórí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe wọn kò ju 0.8 nínú 100 lọ. Lórí àwọn obìnrin adúláwọ̀, èyí tí ó burú jù nínú wọn ṣìnà tó 34.7 nínú 100. Àwọn kan ní ẹ̀rọ kórìíra wa ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kò ní inú tí yóò fi bí ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó kọ́ ọ ni kò fi wá hàn án tó. Nígbà tí ìwádìí náà sì jáde, tí ojú ti wọ́n, wọ́n tún un ṣe, àṣìṣe náà sì dín kù gidigidi. (Kí a rí wa dáadáa kò sì túmọ̀ sí pé a ó ṣe wá dáadáa. Ní Detroit, ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá mú ọkùnrin adúláwọ̀ kan sí àtìmọ́lé nítorí pé ẹ̀rọ ní ojú rẹ̀ jọ ti olè. Òun kọ́ ni.)

Ṣùgbọ́n ojú nìkan kọ́ ni ohun tí a kò fi hàn ẹ̀rọ tó. Èyí tí ó ká wa lára jù ni lẹ́tà wa.

Ilẹ̀ tí a jókòó sí yìí, àwọn Sàró tí ó mọ̀wé kọ ni ó tẹ̀ ẹ́ dó fún ara wọn. Ní 1875 ni ìjọ C.M.S. ṣe àpérò ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, àti àmì ìsàlẹ̀ tí a ń fi sí ẹ, ọ àti ṣ. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìròyìn ń jáde ní Èkó léraléra: Eko Akete ti Adeoye Deniga ní 1922, Eleti Ofe ti E. A. Akintan ní 1923, Akede Eko ti I. B. Thomas ní 1928, nínú èyí tí ìtàn Sẹ̀gilọlá ti jáde ní 1929 sí 1930, tí gbogbo ìlú ń retí rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé wọ̀nyí ti ń rọ, wọ́n ti ń ya. Bí ẹ̀rọ bá lè kà wọ́n, ọmọ wa tí ó wà ní London yóò lè wá orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Kò tíì lè kà wọ́n bí ó ti yẹ. Ẹ̀rọ Tesseract, tí ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard bẹ̀rẹ̀ ní 1985, tí a sì fi fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2005, ka Yorùbá mọ́ èdè tí ó mọ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mímọ́ tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ tẹ̀ ni a fi kọ́ ọ. Fún ẹ̀rọ, àmì tó-tó tí ó wà lábẹ́ ọ kò yàtọ̀ sí ìgbẹ́ eṣinṣin tàbí ojú ibi tí kòkòrò ti jẹ ìwé. Nígbà mìíràn a fò ó; nígbà mìíràn a fi àmì síbi tí a kò fi í sí. Ẹ wo orúkọ àdúgbò wa yìí. Bí ẹ̀rọ bá fi àmì sí i lábẹ́ ní àṣìṣe, olówó tí ó gba owó rẹ̀ yóò di ọlọ́wọ́ tí ó gba ọwọ́, àlejò tí ó bá kà á yóò sì máa bi wá léèrè pé ọwọ́ ta ni.

Ẹ má ṣe rò pé eré ni. Ẹ̀yin Olóyè mọ̀ jù wá lọ pé nígbà tí Àmódù Tìjání, Olóyè Olúwa, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Apápá dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní London, tí ó sì jàre ní 1921, lórí ìtumọ̀ níní ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni ẹjọ́ náà dúró. Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé wa bá di èyí tí ẹ̀rọ ti dà rú, tí ayé sì ń ka ti ẹ̀rọ dípò ti ìwé, a ó máa jà fún ìtumọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tí ẹ̀rọ nílò kì í ṣe owó ńlá. Àwòrán ojú ewé kan ni, àti ẹ̀dà rẹ̀ tí ẹni tí ó mọ Yorùbá tẹ̀ ní ìlà dé ìlà, bí ó ti wà gan-an, àṣìṣe atẹ̀wé pẹ̀lú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni yóò fi kọ́ ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀. Iṣẹ́ àgbàlagbà ni ẹ̀dà títẹ̀, nítorí ọmọ ilé ìwé òde òní kì yóò mọ ohun tí “enia” àti “nwọn” jẹ́ láìbéèrè.

Fún àwọn tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé: ẹ tẹ́ ìwé náà pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, ẹ má ṣe lo iná fóònù, nítorí yóò pa àmì ìsàlẹ̀ rẹ́, ẹ di fóònù mú kí ó dojú kọ ìwé náà gbọọrọ, kí ẹ sì kọ orúkọ ìwé ìròyìn náà àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ilẹ̀ ìdílé àti ìwé ìkọ̀kọ̀, kí ó dúró sílé. Ìwé ìròyìn, ìwé ìpàdé ìjọ àti ìwé orin àtijọ́ ni a ń wá. Akọ̀wé yóò gba orúkọ àwọn tí ó ní wọn nígbà tí a bá dìde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìwé náà fúnra rẹ̀ wá. Àwa ni yóò wá bá yín nílé, nítorí òjò.