Kójú Má Ríbi, Ẹsẹ̀ Loògùn Ẹ̀: Àmọ́ Géètì Gbọ́dọ̀ Ṣí

(Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa sọ)

Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn òbí kó ọmọ wọn lọ síbi àríyá ọmọdé ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ọmọ 35 ló kú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Abuja àti ní ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Kì í ṣe iná, kì í ṣe ìbọn.

Nígbà tí mo gbọ́, Ọjọ́ Ìlú wa ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: géètì méjì ni pápá wa ní, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo là ń ṣí. Àgádágodo ló máa ń wà lẹ́nu èkejì, kí ẹni tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì má baà yọ́ wọlé.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń fi kọ̀ǹpútà yẹ irú nǹkan báyìí wò. Wọ́n á ya àwòrán ibẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá kó àmì róbótó kéékèèké sínú ẹ̀ bí èèyàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ ibi tó ń lọ, kò sì fẹ́ kọlu ògiri tàbí ẹnìkejì ẹ̀. Wọ́n á ní kí gbogbo wọn jáde, wọ́n á máa wo ibi tí wọ́n ti há. Dirk Helbing àti Péter Molnár gbé irú ìṣirò yìí jáde lọ́dún 1995. Lọ́dún 2000, Helbing, Illés Farkas àti Tamás Vicsek fi hàn pé bí gbogbo èèyàn bá ń sáré ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó jáde ju ìgbà tí wọ́n bá rọra rìn lọ. Ẹ da gààrí sẹ́nu ìgò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa rí i. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìwé ìlànà ààbò pápá ìṣeré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 1 lè gba èèyàn 82 kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Mítà 2 ni géètì wa, ìyẹn èèyàn 164. Bí a bá jẹ́ 3,000, ó ju ìṣẹ́jú 18 lọ ká tó jáde tán. Bí géètì méjèèjì bá ṣí, bí ìṣẹ́jú 9 ni.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì mú téèpù, a wọn pápá, a wá lo JuPedSim, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Jülich ní Jámánì. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ẹnu géètì kọ́ nibi tó há jù. Kọ̀rọ̀ tó wà láàárín kánópì àwọn àlejò pàtàkì àti jẹnẹrétọ̀ ni. Bí èèyàn bá ti ju márùn-ún lọ lórí mítà kan níbùú lóròó, ewu ti dé. Tó bá tó méje, kò sẹ́ni tó lè darí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ mọ́. Àyà ò ní ráyè mí, èèyàn á kú lórí ìdúró. Bó ṣe rí nìyẹn ní Itaewon, ní Seoul, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2022: èèyàn 159 kú nítorí ọ̀nà tóóró kan.

Kọ̀ǹpútà ò mọ gbogbo ẹ̀ o. Èyí tí a ṣe ò mọ̀ pé ìyá á padà lọ wá ọmọ ẹ̀, tàbí pé ọ̀nà téèyàn gbà wọlé ló máa ń fẹ́ gbà jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò èèyàn tó máa tọ́ wọn sọ́nà.

Ẹ̀bẹ̀ wa ò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí géètì méjèèjì wà ní ṣíṣí, láìsí àgádágodo. Kí mọ́tò tàbí ìsọ̀ ọjà má sí lẹ́nu ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sún kánópì yẹn. Kí á máa pín ẹ̀bùn ní àdúgbò-àdúgbò, kì í ṣe lẹ́nu géètì. Kí á máa ka èèyàn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Tó bá kún, ó kún nìyẹn.

Mo mọ̀ pé akápò wa á bi mí pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀ka ọ̀dọ́ máa dúró lẹ́nu géètì kejì, a ò ní gba kọ́bọ̀. Bí èèyàn díẹ̀ bá sì yọ́ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, owó yẹn ò tó owó pósí ọmọ kan.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ bá wa ṣí géètì. Ọjọ́ Ìlú wa á yabo, a ò ní fẹkún parí ẹ̀ o.