Ta Ní Ń Fi Iye Lé Kòkó Wa?



Ẹni tó gbin iṣu lè dá iye lé iṣu rẹ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n kòkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjà London àti ti New York ni wọ́n ti ń fi iye lé e, níbi tí igi kòkó kan ṣoṣo kò ti hù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là ní New York. Kí ọdún 2025 tó parí, iye náà ti já wálẹ̀ dé bí ìdajì. Àgbẹ̀ tó yáwó ra oògùn nígbà tí kòkó gbówó lórí, tó wá ta tirẹ̀ lẹ́yìn tí iye já, ṣé kì í ṣe gbèsè ló kù sí i lọ́rùn?

Ọ̀ràn kejì ni ti owó ibodè. Bí a bá kó hóró kòkó lásán lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù, wọn kì í gba owó ibodè lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2008, bí ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà bá lọ̀ ọ́, tó fún òróró rẹ̀, yóò san owó ibodè. Gánà àti Kódìfúà bá wọn ṣe àdéhùn, wọn kì í san án. Ìdí kan nìyí tí hóró wa fi ń lọ, tí ṣokoléètì sì ń padà bọ̀ wá bá wa.

Kí ló wá kù tí a lè ṣe? Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Gánà àti Kódìfúà, tí kòkó wọn ju ìdajì ti gbogbo ayé lọ, fohùn ṣọ̀kan ní ọdún 2019 pé ẹni tó bá fẹ́ ra kòkó àwọn yóò fi 400 dọ́là lé tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Nílé wa níbí, láti ọdún 1986 tí ìjọba ti tú Bọ́ọ̀dù Kòkó ká, oníkálùkù ló ń dá ná an.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á ṣe nǹkan mẹ́ta. Ẹ bo kòkó yín sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, kí ẹ sá a gbẹ dáadáa lórí ẹní, kì í ṣe sójú títì ọlọ́dà. Ẹ kó o jọ sínú ẹgbẹ́, kí ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tiyín kí ẹ tó pe ẹni tí yóò rà á. Ẹ má sì gba owó kòkó tó ṣì wà lórí igi: ẹni tó ti jẹ owó kòkó kó tó pọ́n kò lẹ́nu láti ná an mọ́.

Iye lè má sí lọ́wọ́ wa. Ìtọ́jú, ìwọ̀n àti ìṣọ̀kan wà níbẹ̀. Ire oko á jẹ́ tiwa o.